Bí A Ṣe Ń Kan Pẹpẹ Oorun àti Àpótí Ẹrù Tó Ṣeé Tú sí Ẹ̀yìn Píkọ́ọ̀pù

Ní Abẹ́òkúta, iṣẹ́ ni wọ́n ra píkọ́ọ̀pù fún. Òun ló ń kó ẹ̀gẹ́ wọlé láti Ọ̀dẹ̀dá, òun ló ń gbé oúnjẹ adìẹ lọ sí oko, òun náà ni ẹbí máa ń yá láti fi kó àga lọ síbi ìnáwó ní ọjọ́ Sátidé. Nítorí náà, ẹni tó bá fẹ́ máa sùn sí ẹ̀yìn rẹ̀ lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan kò gbọdọ̀ kan ohun tí yóò sọ ọ́ di iyàrá títí ayé. Àwọn kan ti kan pẹpẹ oorun mọ́ ara ọkọ̀ bí ìgbà tí a kan kọ́bọ́ọ̀dù mọ́ ògiri. Ó wu ojú, ṣùgbọ́n ní ọjọ́ tí ẹrù bá dé, ayùn ni wọ́n fi ń tú u.

Ohun tí mo fẹ́ ká jọ kàn ni àpótí mẹ́rin tí ẹnì kan lè dá gbé ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Bí a bá tò wọ́n pọ̀, wọ́n di pẹpẹ tí àgbàlagbà lè nà gbalaja lé lórí. Bí a bá tú wọn, ẹ̀yìn ọkọ̀ á ṣófo, iṣẹ́ á sì máa lọ. Yóò wúlò fún ẹni tí oko rẹ̀ wà lọ́nà Ayétòrò tó fẹ́ sun ibẹ̀ lásìkò ìkórè, fún oníṣòwò tó gbọ́dọ̀ dé ọjà ìletò kí ilẹ̀ tó mọ́, àti fún ẹni tó fẹ́ wà lẹ́bàá adágún Ọ̀yán ní àfẹ̀mọ́júmọ́ nígbà tí àwọn apẹja bá ń gúnlẹ̀. Káfíńtà tó mọ iṣẹ́ lè ṣe é tán láàárín ọjọ́ méjì. Ẹni tó bá mọ ayùn dì mú náà lè fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe é.

Ẹ wọn ẹ̀yìn ọkọ̀ kí ẹ tó ra pákó

Ẹ má ṣe gba ìwọ̀n ọkọ̀ ẹlòmíràn, kódà bí orúkọ ọkọ̀ náà bá bá tiyín mu. Ọdún tí wọ́n ṣe é àti orílẹ̀-èdè tí wọ́n ṣe é fún máa ń yí i padà. Ẹ ti ilẹ̀kùn ẹ̀yìn, kí ẹ fi téèpù wọn gígùn ilẹ̀ inú rẹ̀ láti ẹ̀yìn orí ọkọ̀ dé ara ilẹ̀kùn náà. Ẹ wọn fífẹ̀ láti ògiri dé ògiri. Lẹ́yìn náà, ẹ wọn àárín gegele méjèèjì tó bo orí taya. Ibẹ̀ ló há jù, òun ló sì máa pàṣẹ fún gbogbo iṣẹ́ yìí. Ẹ wọn gíga gegele náà, gíga ògiri, àti fífẹ̀ ilẹ̀kùn ẹ̀yìn nígbà tó bá wà ní ṣíṣí. Sẹ̀ntímítà ni kí ẹ fi kọ gbogbo rẹ̀. Ẹ má ṣe po íńṣì mọ́ sẹ̀ntímítà nínú ìwé kan náà, torí ibẹ̀ ni oníṣẹ́ àti ẹni tó gbéṣẹ́ fún un ti sábà máa ń ṣi ara wọn gbọ́.

Toyota Hilux dọ́bù-kábíìnì tó kún ojú títì wa máa ń gùn tó nǹkan bí 150 cm ní ẹ̀yìn, ó máa ń fẹ̀ tó 150 cm, àárín gegele rẹ̀ jẹ́ nǹkan bí 110 cm, ògiri rẹ̀ sì ga tó 45 sí 48 cm. Ìwọ̀n yìí ni mo fi ṣírò ohun gbogbo nísàlẹ̀. Bí tiyín bá kéré sí i, ẹ dín àpótí kù. Bí ó bá tóbi sí i, ẹ fi àpótí sílẹ̀ bó ṣe wà, kí ẹ sì fẹ àwọn pákó ẹ̀gbẹ́ tí mo máa dárúkọ níwájú.

Ìṣòro tó wà níbẹ̀ hàn gbangba: 150 cm kò gba àgbàlagbà. Àwọn kan á ní kí ènìyàn sùn ní ìdábùú, láti igun kan sí igun kejì. Lórí ìwé, ìdábùú yẹn lé ní 210 cm, ṣùgbọ́n èjìká ènìyàn kì í ṣe okùn. Orí àti ẹsẹ̀ á máa wọ inú igun tó há, ẹni kejì kò sì ní ríbi sùn rárá. Èmi kò fara mọ́ ọn. Ọ̀nà tó dára ni pé kí a ṣí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn sílẹ̀, kí a tẹ́ pákó kan jáde sórí rẹ̀, kí ẹsẹ̀ wa lè gùn dé ibẹ̀. Ìfàgùn ni mo máa pe pákó yìí. Ẹni tó bá ní síńgù-kábíìnì kò nílò rẹ̀, torí ẹ̀yìn tirẹ̀ gùn ju 2 mítà lọ.

Ìwọ̀n kan tún kù tí ọ̀pọ̀ máa ń gbàgbé, ìyẹn ìwọ̀n ẹ̀yin fúnra yín. Ẹ jókòó sílẹ̀, kí ẹ fẹ̀yìn ti ògiri, kí ẹnì kan wọn yín láti ilẹ̀ dé àtàrí. Àgbàlagbà sábà máa ń wà láàárín 80 sí 95 cm. Ẹ fi gíga àpótí àti fóòmù kún un, kí ẹ wá wò ó bóyá orí yín kò ní kan òrùlé. Ẹni tó ti ní kánópì oníke lórí ọkọ̀ lè rí i pé òun kò ní lè jókòó tààrà. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ lè gé ògiri àpótí sí 22 cm dípò 30, bí gegele rẹ̀ kò bá ga ju ìyẹn lọ.

Pákó àti àwọn nǹkan yòókù

Pílíwúùdù 12 mm ni kí ẹ rà, ẹyọ mẹ́ta, èyí tó jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà mẹ́rin sí mẹ́jọ, ìyẹn 122 cm sí 244 cm. Ẹyọ kan máa ń wúwo tó 20 sí 25 kg. Káfíńtà á fẹ́ rọ̀ yín: “Ọ̀gá, ẹ jẹ́ ká lo 18, kó lè lágbára.” Ẹ fi ohùn pẹ̀lẹ́ dá a lóhùn pé rárá. Ẹyọ kan 18 mm lé ní 30 kg, àpótí tí a bá sì fi kàn á yóò wúwo tó bẹ́ẹ̀ tí ènìyàn kan kò ní lè gbé e sọ̀ kalẹ̀. Tí a bá ti nílò ẹni méjì kí a tó tú u, a ó máa fi í sílẹ̀ nínú ọkọ̀ ni, iṣẹ́ tí a torí rẹ̀ ṣe é á sì ti bàjẹ́. Agbára tí àpótí nílò wà nínú igi igun rẹ̀ àti bí a ṣe dè é pọ̀.

Kí ẹ tó sanwó, ẹ wo etí pákó náà. Ìpele inú rẹ̀ gbọ́dọ̀ lẹ̀ mọ́ra láìsí ihò láàárín. Ẹ tẹ́ ẹ sórí ilẹ̀ tó tẹ́jú, kí ẹ wò ó bóyá igun kan ń gbéra. Máríìnì bọ́ọ̀dù tí àwọn bíríkìlà fi ń da kankéré ń gbójú sí omi dáadáa, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ ń yọ̀, gúlúù kì í sì í mú un. Ìdí àpótí nìkan ni mo lè fi í ṣe. Ẹ sá fún pákó tí wọ́n fi ìyẹ̀fun igi lẹ̀ pọ̀. Bí òjò bá kàn án lẹ́ẹ̀kan, ó ti wú nìyẹn.

Fún igi igun, ẹ ra igi íńṣì 2 × 2. Arère fúyẹ́, ó sì rọrùn láti gbẹ́, ṣùgbọ́n kòkòrò fẹ́ràn rẹ̀, ẹ gbọ́dọ̀ kun ún dáadáa. Àfàrà le díẹ̀ jù ú lọ, òun ni mo fẹ́ràn jù fún iṣẹ́ yìí. Ìrókò àti apá wúwo, nítorí náà bàtà àpótí, ìyẹn igi méjì tí yóò gbé àpótí kúrò nílẹ̀, ni kí ẹ fi wọ́n ṣe. Igi gbígbẹ ni kí ẹ bèèrè ní sọ́míìlì. Igi tútù á sún kì bó bá yá, síkúrù inú rẹ̀ á sì máa mì.

Síkúrù oní-4 cm tó bí 200 yóò tó. Ẹ má ṣe lo ìṣó. Ojú ọ̀nà wa kò gba ìṣó: gbogbo ìgbà tí taya bá bọ́ sí kòtò ni ìṣó á máa yọrí díẹ̀díẹ̀, títí tí yóò fi ya aṣọ tàbí ẹsẹ̀ ènìyàn. Ẹ tún ra gúlúù funfun tí àwọn káfíńtà ń lò, híńjì 14, bóòtù 8 mm tó gùn tó 4 tàbí 5 cm, ẹyọ 8, pẹ̀lú wáṣà àti nọ́ọ̀tì elétí tí a lè fi ọwọ́ lásán yí. Ẹ lọ bá fọganáísà, kí ẹ ra túúbù taya tó ti bàjẹ́. Ẹ máa rí bó ṣe wúlò tó.

Gígé

Ẹ sọ fún ẹni tó ta pákó fún yín pé kó fi ẹ̀rọ gé ilà gígùn, torí ayùn ọwọ́ kì í rìn tààrà lórí 244 cm. Ẹ rántí pé gbogbo ibi tí ayùn bá gbà ló ń jẹ nǹkan bí 3 mm.

Pákó kìíní ni ògiri àpótí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ẹ là á ní gígùn sí ọ̀já mẹ́rin tó fẹ̀ ní 30 cm. Láti inú ọ̀já kọ̀ọ̀kan, ẹ gé 71 cm lẹ́ẹ̀mejì àti 49.6 cm lẹ́ẹ̀mejì. Ọ̀já kan, àpótí kan. Ohun tí yóò ṣẹ́kù kò tó ìbú ìka méjì, nítorí náà ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ojú díwọ̀n.

Láti inú pákó kejì, ẹ gé ìdérí mẹ́rin, 71 sí 52 cm, àti ìdí àpótí méjì, 68.6 sí 49.6 cm. Láti inú pákó kẹta, ẹ kọ́kọ́ gé ìfàgùn, 104 sí 50 cm, lẹ́yìn náà pákó ẹ̀gbẹ́ méjì tó gùn ní 142 cm tó sì fẹ̀ ní 22 cm, kí ẹ wá mú ìdí àpótí méjì yòókù jáde nínú ohun tó kù. Ẹ fi lẹ́ẹ̀dì kọ orúkọ sí ara gbogbo rẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Bí pákó mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n bá ti dàpọ̀ mọ́ra nílẹ̀, kò sẹ́ni tó ń dá wọn mọ̀ mọ́.

Títo àpótí

Ẹ gé igi igun mẹ́rin fún àpótí kọ̀ọ̀kan, kí ìkọ̀ọ̀kan gùn ní 28.5 cm. Ẹ fi gúlúù pa ara igi, ẹ gbé ògiri gígùn lé e, kí ẹ fi síkúrù mẹ́ta dè é láti ìta. Ẹ fi dírílì lu ihò kékeré síwájú kí síkúrù tó wọlé, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ etí pílíwúùdù á là. Ògiri kúkúrú á wà láàárín ògiri gígùn méjèèjì. Ẹ jẹ́ kí igi igun fi ohun tó ju 12 mm díẹ̀ sílẹ̀ ní ìsàlẹ̀, torí ibẹ̀ ni ìdí àpótí máa wọ̀ sí.

Bí ògiri mẹ́rẹ̀ẹ̀rin bá ti dúró, kí gúlúù tó gbẹ, ẹ fi téèpù wọn ọ́n ní ìdábùú láti igun sí igun, ẹ̀ẹ̀mejì. Bí ìwọ̀n méjèèjì kò bá dọ́gba, àpótí ti wọ́. Ẹ fi ọwọ́ tì í láti igun tó gùn jù títí wọ́n á fi dọ́gba. Àpótí kan tó wọ́ kì í da mẹ́ta yòókù láàmú títí dìgbà tí ẹ bá fẹ́ tò wọ́n papọ̀. Ìgbà yẹn ni ihò bóòtù kò ní ṣe déédéé mọ́.

Ẹ wá fi ìdí àpótí sí inú, kí ẹ gbé bàtà méjì sábẹ́ rẹ̀, 5 cm ní fífẹ̀, 2.5 cm ní nínípọn, tí wọ́n gùn dọ́gba pẹ̀lú àpótí. Síkúrù tó gùn ju 4 cm lọ ni kó gba inú bàtà àti ìdí kọjá wọ inú igi igun. Bàtà gbọ́dọ̀ dojú kọ ìhà tí omi ń gbà ṣàn ní ẹ̀yìn ọkọ̀, ìyẹn láti iwájú sí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn, kí omi òjò lè máa kọjá lábẹ́ láìdúró.

Ìdérí gba híńjì méjì. Ẹ kan igi tẹ́ẹ́rẹ́ kan sí abẹ́ ìdérí ní àárín, torí 12 mm nìkan á máa tẹ̀ bí eékún ènìyàn bá gún un. Ẹ gé túúbù taya sí ọ̀já tẹ́ẹ́rẹ́, kí ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ etí àpótí yí ká níbi tí ìdérí máa jókòó sí. Èyí ni yóò dènà eruku pupa. Ẹni tó bá ti gba ọ̀nà oko kọjá ní oṣù Kejìlá mọ ohun tí eruku yẹn ń ṣe sí aṣọ funfun. Ìdí kan náà ni mo fi ní kí ẹ má ṣe lu ihò ìgbámú sí ara àpótí. Okùn nípọn ni kí ẹ so sí ìpẹ̀kun méjèèjì. Àpótí kan lófìfo máa wúwo tó 13 sí 15 kg.

Àpótí méjì tó máa wà lẹ́yìn nílò ilẹ̀kùn tirẹ̀ lójú tó kọ sí ìta. Bí ó bá jẹ́ pé òkè nìkan la ti ń ṣí wọn, ẹ ó máa gbé fóòmù àti ẹni tó sùn lé e dìde kí ẹ tó rí tọ́ọ̀ṣì mú. Nínú ògiri kúkúrú náà, ẹ gé ojú kan tó jẹ́ 40 sí 18 cm, kí ẹ fi 8 cm sílẹ̀ lókè rẹ̀. Pákó tí ẹ gé jáde gan-an ni ilẹ̀kùn, kí híńjì rẹ̀ wà nísàlẹ̀.

Ìfàgùn àti pákó ẹ̀gbẹ́

Ẹ kan igi tẹ́ẹ́rẹ́ kan mọ́ ojú ẹ̀yìn àpótí méjèèjì, kí orí rẹ̀ ṣe déédéé pẹ̀lú orí ògiri. Etí kan ìfàgùn á jókòó lórí igi yìí, ìfàgùn àti ìdérí á sì wà ní ọ̀gbọọgba. Etí kejì dúró lórí ẹsẹ̀ méjì tó ń ká pẹ̀lú híńjì. Ẹ má ṣe gé ẹsẹ̀ yìí ní ilé káfíńtà. Nínú ọkọ̀ ni kí ẹ ti wọn ọ́n, torí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn tó ṣí sílẹ̀ lè relẹ̀ tàbí kó ga ju ilẹ̀ inú lọ díẹ̀. Kí ẹsẹ̀ náà wà ní nǹkan bí 15 cm sí etí ìta, kí ìwọ̀n má baà kóra jọ sí eteetí ilẹ̀kùn. Okùn onírin méjì ló di ilẹ̀kùn yẹn mú. Nítorí náà, orí á kọjú sí iwájú ọkọ̀, ẹsẹ̀ lásán ni kó wà lórí ìfàgùn. Ẹ má ṣe jókòó lé e ní ẹni méjì.

Pákó ẹ̀gbẹ́ ló ń bo àlàfo tó wà láàárín àpótí àti ògiri ọkọ̀. Etí kan rẹ̀ á wà lórí igi tẹ́ẹ́rẹ́ tí a kàn mọ́ ẹ̀gbẹ́ àpótí, etí kejì á dúró lórí kùkùté igi kékeré tó jókòó sórí gegele. Apá àti ìrọ̀rí ni ó lè gbé, kì í ṣe ìdí ènìyàn. Níwájú àti lẹ́yìn gegele, àlàfo tó wà lábẹ́ rẹ̀ gba jáàkì, ọkọ́, àdá àti kẹ́ẹ̀gì omi oní-10 lítà.

Àpótí mẹ́rin, ìfàgùn àti pákó ẹ̀gbẹ́ lápapọ̀ kò ju ìwọ̀n àgbàlagbà kan lọ. Pẹpẹ náà á gùn tó 192 cm.

Dídè é mọ́ ọkọ̀

Ẹ má ṣe lu ihò sí ilẹ̀ ẹ̀yìn ọkọ̀. Abẹ́ ibẹ̀ ni páìpù bíréèkì àti wáyà ń gbà, nínú ọ̀pọ̀ píkọ́ọ̀pù ibẹ̀ náà ni táǹkì epo wà, ìpẹtà á sì bẹ̀rẹ̀ láti ojú ihò yẹn. Ẹ tẹ́ rọ́bà ilẹ̀ mọ́tò tàbí túúbù taya sílẹ̀, kí ẹ tò àpótí lé e, ẹyọ méjì níwájú, méjì lẹ́yìn. Ẹ lu ihò bóòtù nígbà tí wọ́n bá ti fara kanra, kí ihò àpótí méjèèjì lè bára mu: bóòtù méjì níbi tí àpótí kọ̀ọ̀kan bá ti pàdé èkejì rẹ̀. Lẹ́yìn èyí, wọ́n ti di ara kan. Ẹ wá fi bẹ́líìtì ìdẹrù fà wọ́n mọ́ àwọn ìkọ́ onírin tó wà nínú ẹ̀yìn ọkọ̀, ọ̀kan níwájú, ọ̀kan lẹ́yìn. Ẹ mì wọ́n pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì. Ọkọ̀ ló yẹ kó mì, kì í ṣe àpótí.

Ẹrù tó wúwo, bí irinṣẹ́, iṣu àti omi, kó wà nínú àpótí iwájú. Lítà omi kan jẹ́ 1 kg, kẹ́ẹ̀gì oní-25 lítà kì í ṣe ohun kékeré. Bí ẹrù bá pọ̀ lẹ́yìn taya ẹ̀yìn, imú ọkọ̀ á fúyẹ́, síárìn náà á sì fúyẹ́ lọ́wọ́ yín níbi tó yẹ kó le, ìyẹn bí ẹ bá ń gun òkè bí èyí tó wà ní Òkè-Ìlẹ̀wò. Aṣọ, ìkòkò, tọ́ọ̀ṣì àti oúnjẹ kékeré ni kí ẹ kó sẹ́yìn.

Kíkùn, fóòmù àti aṣọ

Ẹ fi sáńpépà ha gbogbo etí. Etí ni omi ń gbà wọ pílíwúùdù, nítorí náà ibẹ̀ ni ọ̀dà gílóòsì gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ kàn, ẹ̀ẹ̀mejì, kí ẹ tó kun ojú rẹ̀. Oògùn ikán tí wọ́n fi ń pa igi máa ń rùn gan-an. Bí ẹ bá lò ó, bàtà àti ìdí nìkan ni kí ẹ pa á sí, kí ẹ sì fi sílẹ̀ síta títí òórùn rẹ̀ á fi lọ pátápátá kí ẹnikẹ́ni tó sùn lé e.

Fóòmù oní-íńṣì mẹ́rin tó le díẹ̀ ló dára, ẹsẹ̀ mẹ́ta ààbọ̀ sí mẹ́fà. Ẹ gé e sí mẹ́ta: 71 cm, 71 cm, àti èyí tó kù fún ẹsẹ̀. Báyìí ẹ lè gbé ìkan láti ṣí àpótí láìdààmú ìyókù, lọ́sàn-án ẹ sì lè tò ó lélẹ̀ bí àga. Ẹ má ṣe fi lẹ́dà bò ó, òógùn á bò yín mọ́lẹ̀. Aṣọ òwú nípọn ni. Àdìrẹ láti Ìtòkú ni mo máa ń gbà níyànjú: òwú gidi ni, ó ń mí, àwọ̀ aró kì í sì í tètè fi ìdọ̀tí hàn. Ẹ ní kí télọ̀ fi sípù sí i, kí ẹ lè máa bọ́ ọ fọ̀.

Òrùlé, afẹ́fẹ́ àti òjò

Ẹni tí kò ní kánópì lè ní kí wẹ́dà ṣe férémù onípáìpù íńṣì kan, tí a fi bóòtù so pọ̀ kí òun náà lè tú. Kí àárín rẹ̀ ga ju ẹ̀gbẹ́ lọ, kí omi má baà dúró lórí tapólì, kí òrùlé náà sì yọ kọjá etí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn tó ṣí sílẹ̀ ní nǹkan bí 30 cm, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ òjò á máa ta sí yín lẹ́sẹ̀. Ìjì líle tó ń ṣáájú òjò ní oṣù Kẹrin àti Karùn-ún, àti nígbà tí òjò bá ń kásẹ̀ nílẹ̀, sábà máa ń ti ìlà-oòrùn wá. Ẹ kọ imú ọkọ̀ sí ìlà-oòrùn, kí ẹ̀yìn tó ṣí sílẹ̀ kọ sí ìwọ̀-oòrùn.

Ẹ fi àlàfo sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ méjèèjì lábẹ́ òrùlé kí afẹ́fẹ́ lè gba inú kọjá. Láìsí i, èémí ènìyàn á di omi sára òrùlé, á sì máa kán sílẹ̀ títí di àárọ̀. Àwọ̀n ẹ̀fọn olóògùn ni kí ẹ fi kọ́ inú rẹ̀, kí ẹ tẹ etí rẹ̀ bọ abẹ́ fóòmù yí ká, títí kan ìhà ìfàgùn. Ibẹ̀ ni ẹ̀fọn ti máa ń rọ́nà wọlé.

Ohun tó lè pa ènìyàn

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ ka abala yìí lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ má ṣe tan ẹ́ńjìnnì sílẹ̀ kí ẹ máa sùn lẹ́yìn ọkọ̀. Ẹ má ṣe gbé jẹnẹrétọ̀ sítòsí rẹ̀. Ẹ má ṣe gbé ìkòkò èédú tàbí sítóòfù wọ abẹ́ òrùlé, kódà lásìkò ọyẹ́ tí òtútù bá mú. Gáàsì kan wà nínú èéfín wọn tí a kì í rí, tí kì í rùn, tó sì ń pa ẹni tó ń sùn láìjẹ́ pé ó jí. Ẹnu páìpù èéfín ọkọ̀ wà nísàlẹ̀ ibi tí ẹ ń sùn gan-an.

Gáàsì ìdáná wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ. Bí sílíńdà bá ń jò, ilẹ̀ ẹ̀yìn ọkọ̀ láàárín àwọn àpótí ni yóò kóra jọ sí. Ìta ni sílíńdà ń sùn, ìta náà ni kẹ́ẹ̀gì bẹntiróòlù ń sùn. Bí ẹ bá ní kánópì, ẹ rí i dájú pé ẹni tó wà nínú lè ṣí i láti inú, láìwá kọ́kọ́rọ́ nínú òkùnkùn. Kò sì sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ wà lórí pẹpẹ nígbà tí ọkọ̀ bá ń rìn, ọmọdé tàbí àgbà. Ilẹ̀kùn ẹ̀yìn kò gbọdọ̀ wà ní ṣíṣí lójú ọ̀nà, bí ó ti wù kí ìrìn náà kúrú tó.

Ibi tí ẹ máa gbé e sí

Kò yẹ kí ẹnikẹ́ni sùn sí ẹ̀bá ọ̀nà tàbí sínú igbó tí kò mọ ẹnikẹ́ni. Ẹ lọ bá baálẹ̀ tàbí onílé, kí ẹ kí i, kí ẹ tọrọ àyè nínú ọgbà. Ọgbà ṣọ́ọ̀ṣì, ti mọ́ṣáláṣí, tàbí ilé epo tó ní ọlọ́dẹ náà dára. Ẹ fi ibi tí ẹ wà ránṣẹ́ sí ará ilé. Ilẹ̀ Ẹ̀gbá kún fún gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ àti àpáta, nítorí náà ẹ fi ìgò omi kan lélẹ̀ lórí pẹpẹ láti mọ ìhà tó ga. Ìhà orí ni kó ga. Bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, ẹ tún ọkọ̀ gbé, tàbí kí ẹ fi òkúta pẹlẹbẹ sábẹ́ taya ìhà tó relẹ̀, kí ẹ sì fa búréèkì ọwọ́.

Lẹ́yìn ìrìn àkọ́kọ́

Ilé ni kí ẹ ti kọ́kọ́ sùn nínú rẹ̀, ní àgbàlá yín, kí ẹ lè mọ ohun tó ń gún yín lẹ́yìn àti ohun tí ọwọ́ yín kò tó lóru. Lẹ́yìn tí ẹ bá gba ọ̀nà oko lọ tí ẹ sì dé, ẹ yẹ gbogbo síkúrù wò ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan, pàápàá ti híńjì. Wọ́n máa ń tú díẹ̀ nígbà àkọ́kọ́, bí ẹ bá sì ti tún wọn fún, wọ́n á dúró.

Láti tú u, ìfàgùn ló kọ́kọ́ ń jáde, pákó ẹ̀gbẹ́ tẹ̀lé e, lẹ́yìn náà bẹ́líìtì, bóòtù, àti àpótí ẹ̀yìn kí ti iwájú tó jáde. Ẹ da nọ́ọ̀tì elétí padà sára bóòtù wọn kí ẹ tó kó wọn sínú ike, kí wọ́n má baà sọnù. Ẹ má ṣe to àpótí sílẹ̀ẹ́lẹ̀ ní ìta níbi tí ikán lè dé. Orí búlọ́ọ̀kù ni kí wọ́n wà, tàbí kí ẹ gbé wọn sínú ṣọ́ọ̀bù tàbí pálọ̀ gẹ́gẹ́ bí ìjókòó títí ẹ ó fi tún fẹ́ rìn.